Rolling Stones: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ẹgbẹ́ Olórin Tó Ti Lé Ní Ọgọ́ta Ọdún

Ìbéèrè kan náà ló ń tún ara wọn bí ṣáá nípa ẹgbẹ́ yìí. A kó wọn jọ síbí, látorí èyí tó rọrùn dórí èyí tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Ta ni wọ́n ń pè ní Rolling Stones?

Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì láti ìlú London ni wọ́n. Ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré lábẹ́ orúkọ yìí, ní Marquee Club tó wà ní Oxford Street nígbà náà. Mick Jagger ló ń kọrin, Keith Richards àti Brian Jones ń ta gìtá, Ian Stewart sì wà nídìí dùùrù. Bill Wyman tó ń ta gìtá báàsì wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Charlie Watts, onílù, dé ní oṣù Kìíní 1963.

Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, Mick àti Keith nìkan ló ṣì wà nínú ẹgbẹ́. Ronnie Wood, tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1975, ni ẹnì kẹta.

Ibo ni wọ́n ti rí orúkọ yẹn?

Lára orin Muddy Waters ni. Muddy Waters jẹ́ àgbà olórin blues, aláwọ̀ dúdú ọmọ Mississippi tó fi Chicago ṣe ibùgbé, ó sì gbé orin kan jáde ní 1950 tó ń jẹ́ "Rollin' Stone". Òkúta tó ń yí kiri ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹni tí kì í gbé ojú kan. Keith sọ pé orí fóònù ni Brian Jones wà, ó ń polówó eré wọn fún ìwé ìròyìn Jazz News, ni wọ́n bá bi í léèrè orúkọ ẹgbẹ́. Wọn ò tíì ní orúkọ. Àwo Muddy Waters wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, orin yẹn sì wà lára rẹ̀. Bí ó ṣe dárúkọ nìyẹn.

Báwo ni Mick àti Keith ṣe pàdé?

Ọmọ Dartford ní ẹkùn Kent làwọn méjèèjì, ọdún 1943 la sì bí wọn. Wọ́n jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà, àmọ́ wọn ò rí ara wọn mọ́ nígbà tí ìdílé wọn kó kúrò ládùúgbò. Ní oṣù Kẹwàá 1961 ni wọ́n ṣe kòńgẹ́ ara wọn ní ibùdókọ̀ ojú irin Dartford. Mick ń lọ sí London School of Economics, Keith ń lọ sí iléèwé tó ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Sidcup.

Ohun tó wà lábẹ́ apá Mick ló dá Keith dúró: àwo Chuck Berry àti àwo Muddy Waters. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásìkò yẹn. Chicago ni Mick ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí kó tó rí i rà. Ọ̀rọ̀ àwo méjì yẹn ni wọ́n sọ dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Àwo wo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kọ́kọ́ gbọ́?

Mẹ́rin péré: Beggars Banquet (1968), Let It Bleed (1969), Sticky Fingers (1971) àti Exile on Main St. (1972). Ẹ gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wọn. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá wọ̀ yín lára, orin ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe tiyín, kò sì sí ìjà ńbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀tá Beatles ni wọ́n?

Rárá. Ìwé ìròyìn ló fi ìyẹn pa owó. George Harrison ti Beatles ló gba ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ àwo orin Decca, Dick Rowe, níyànjú pé kó lọ wo àwọn Stones. Dick Rowe yìí kan náà ló ti kọ Beatles sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì fẹ́ ṣe irú àṣìṣe yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́dún 1963 kan náà, John Lennon àti Paul McCartney, ọmọ ẹgbẹ́ Beatles, fún wọn ní orin "I Wanna Be Your Man", igun yàrá tí wọ́n ti ń dánrawò ni wọ́n sì ti parí rẹ̀ lójú wọn. Ẹgbẹ́ méjèèjì a máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí àwo wọn má bàa jáde lọ́jọ́ kan náà. Lórí àwo tí Stones ṣe ní 2023, Paul McCartney fúnra rẹ̀ ta báàsì nínú orin kan.

Ta ni Ian Stewart, kí ló sì dé tí orúkọ rẹ̀ kì í jáde?

Òun ló kọ́kọ́ dáhùn ìpolówó tí Brian Jones ṣe láti wá olórin, nítorí náà a lè sọ pé ó wà níbẹ̀ ṣáájú Mick àti Keith. Ní 1963, Andrew Loog Oldham di máníjà wọn. Ọmọ ọdún 19 ni. Ó ní èèyàn mẹ́fà ti pọ̀ jù, ó ní ojú Ian kò bá tàwọn tó kù mu, ni wọ́n bá ní kó bọ́ sẹ́yìn.

Ohun tó ń wú mi lórí ni pé kò bínú lọ. Ó ń wa ọkọ̀ wọn, ó ń to irinṣẹ́ wọn, ó sì ń tẹ dùùrù fún wọn títí tó fi kú ní oṣù Kejìlá 1985. Nígbà tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sínú Rock and Roll Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn àgbà olórin rọ́ọ̀kì, ní 1989, wọ́n kọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Ó tọ́ sí i.

Orin wo ló sọ wọ́n di olókìkí káyé?

"(I Can't Get No) Satisfaction", ní 1965. Òun ni orin wọn àkọ́kọ́ tó dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ojú oorun ni Keith ti gbọ́ ìró gìtá tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó jí, ó tẹ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ta á díẹ̀, oorun sì tún gbé e lọ. Nígbà tó tún kásẹ́ẹ̀tì náà gbọ́ láàárọ̀, orin ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Híhanrun ló kún ìyókù.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Brian Jones?

Òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ohun èlò tí wọ́n gbé fún un tí kò mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ Mick àti Keith ló ń kọ orin, agbára sì bọ́ sọ́wọ́ wọn. Oògùn olóró àti ọtí ba tirẹ̀ jẹ́. Ní oṣù Kẹfà 1969 wọ́n sọ fún un pé kó máa lọ. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 3 oṣù Keje, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ní Sussex. Ọmọ ọdún 27 ni.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ẹgbẹ́ ní eré ọ̀fẹ́ ní Hyde Park, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi Mick Taylor, onígìtá tuntun, han aráyé. Wọn ò fagi lé e. Mick Jagger ka ewì Shelley fún olóògbé, wọ́n sì tú ọ̀pọ̀ labalábá sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn ti kú sínú àpótí.

Altamont tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ, kí ni?

Eré ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe ní California ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1969. Wọ́n gbé ìtàgé tí kò ga kalẹ̀, wọ́n sì fi àwọn Hells Angels, ẹgbẹ́ àwọn alálùpùpù, ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìjà ṣẹlẹ̀ látàárọ̀. Nígbà tí Stones ń kọrin lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn Angels gún Meredith Hunter lọ́bẹ pa níwájú ìtàgé. Ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ọdún 18 ni, ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá ẹni tó gún un sílẹ̀ pé ara rẹ̀ ló ń gbà. Ẹlòmíì mẹ́ta kú níbẹ̀ nínú jàǹbá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé orin èṣù ló fà á. Irọ́ ni. Àìmúra sílẹ̀ ló fà á: wọ́n yí ibi eré padà nígbà tó ku ọjọ́ kan àbọ̀, àwọn tí wọ́n fi ṣọ́ èèyàn kì í sì í ṣe ẹni tó mọṣẹ́ ṣíṣọ́ èèyàn.

Ta ló ya ahọ́n pupa tó jẹ́ àmì ẹgbẹ́ náà?

John Pasche ni, nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Royal College of Art ní London, ní 1970. Àwòrán Kali, abo òrìṣà àwọn ará Íńdíà tó yọ ahọ́n síta, ni Mick fi hàn án. Pọ́n-ùn 50 ni wọ́n kọ́kọ́ san fún un.

Kí ló lé wọn lọ sí ilẹ̀ Faransé ní 1971?

Owó orí. Gbèsè owó orí wà lọ́rùn wọn tí wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò san, èyí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ olówó sì ga débi pé wọn ò lè rí owó tí wọ́n máa fi san ti ẹ̀yìn. Ni wọ́n bá kó kúrò nílùú.

Keith gba ilé ńlá kan, Nellcôte, ní Villefranche-sur-Mer létí òkun. Wọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n sọ di sítúdíò síwájú ilé, wọ́n sì fa wáyà wọ àjà ilẹ̀. Ooru ibẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ. Òógùn ń bọ́ lára wọn, ọ̀rinrin sì ń mú kí okùn gìtá dẹ̀ kí orin tó parí. Bí èèyàn bá fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sétí tó gbọ́ Exile on Main St., ó máa ń dà bíi pé yàrá yẹn gan-an la wà, tí ohùn Mick ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Los Angeles ni wọ́n ti parí iṣẹ́ náà, àmọ́ àjà ilẹ̀ yẹn ò kúrò lára rẹ̀.

Kí ló mú kí ìró wọn yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ mìíràn?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì, onílù ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Lọ́dọ̀ Stones, gìtá Keith ló ń ṣíwájú. Bill Wyman ló ṣàlàyé rẹ̀: Charlie ń tẹ̀ lé Keith, báàsì ń tẹ̀ lé Charlie, kò sì sí ẹni tó bọ́ sórí ìró náà ní ìṣẹ́jú kan náà gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn onílù dùndún máa mọ ohun tí mò ń wí. Ìyáàlù á sọ̀rọ̀, gúdúgúdú, kẹríkẹrì àti ìṣáájú á sì dáhùn láàyè tiwọn.

Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún Charlie Watts nínú fídíò èyíkéyìí. Ọ̀pá rẹ̀ ń lu páànù méjì tó pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ òsì bá ti fẹ́ balẹ̀ sórí ìlù, ọwọ́ ọ̀tún á gbéra, kò ní lu nǹkan kan. Àlàfo kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí ìlù náà mí. Orin jazz ló fẹ́ràn jù láyé rẹ̀, ìlù tó ń lò kò sì tóbi.

Ní ti Keith, ó yọ okùn tó nípọn jù kúrò lára gìtá rẹ̀, ó ku márùn-ún, ó sì yí wọn sí G, D, G, B, D. Bó bá ta wọ́n láìtẹ ìkankan, orin ti jáde. Bí ó ṣe ń ta "Brown Sugar" àti "Start Me Up" nìyẹn. Gìtá kejì ò ní jókòó máa tẹ̀ lé e: méjèèjì ń gba àárín ara wọn kọjá, débi pé èèyàn ò ní mọ èwo ni ti ta ni. Híhun ni Keith ń pè é, bí ẹni ń hun aṣọ. Ẹ tún gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "Honky Tonk Women" (1969). Agogo ló kọ́kọ́ dún, ìlù tẹ̀ lé e, kí gìtá tó wọlé. Ibẹ̀ ni orin wọn ti kọ́kọ́ mú mi, nítorí etí mi ti mọ agogo kó tó mọ gìtá.

Ṣé kì í ṣe orin aláwọ̀ dúdú ni wọ́n jí?

Bó ti wù kí okùn gùn tó, ó níbi tí a ti fà á wá. Orin blues ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, orin àwọn ọmọ ẹrú ní Amẹ́ríkà, wọn ò sì fi pa mọ́ rí. Ní oṣù Kẹfà 1964, wọ́n lọ gba orin sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ àwo orin Chess ní Chicago, níbi tí Muddy Waters ti ṣiṣẹ́. Ní 1965, ètò tẹlifíṣọ̀n Shindig! ní Amẹ́ríkà pè wọ́n. Wọ́n ní bí Howlin' Wolf, àgbà olórin blues aláwọ̀ dúdú mìíràn, ò bá ní kọrin níbẹ̀, àwọn ò wá. Ó wá, wọ́n sì jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìtàgé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ò tíì gbọ́ orúkọ bàbá yẹn rí, nínú ìlú tirẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì wà, mi ò sì ní bò ó. "Prodigal Son" lórí Beggars Banquet, orin Robert Wilkins ni, síbẹ̀ orúkọ Jagger àti Richards ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. "Love in Vain" jẹ́ ti Robert Johnson, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì dé ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kó tó já sí ọwọ́ àwọn ajogún rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bọ̀wọ̀ fún bàbá lójú ayé ní láti san owó bàbá pẹ̀lú. Ìkíní ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe dáadáa, ìkejì ò yá.

Ǹjẹ́ ọwọ́ Áfíríkà wà nínú orin wọn?

Ó wà. Rocky Dzidzornu, ọmọ Ghana, ló lu kóńgà nínú "Sympathy for the Devil" (1968), ìlù tí Mick fúnra rẹ̀ pè ní samba. Òun náà ló wà nínú "Can't You Hear Me Knocking".

Ìtàn kan tún wà tó kan Èkó. Kí Charlie Watts tó wọ Stones, ó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ Alexis Korner. Nígbà tó kúrò, Ginger Baker ló gba ipò rẹ̀. Ginger Baker yìí ló wá sí Èkó lẹ́yìn náà, tó bá Fela ṣeré, tó sì kọ́ sítúdíò sí Ikẹjà.

Ní ti àwọn ilẹ̀ tí ọmọ Yorùbá wà lókè òkun, wọ́n ṣeré ọ̀fẹ́ ní etíkun Copacabana ní Rio ní oṣù Kejì 2006, wọ́n sì fojú bù ú pé èèyàn tó wá lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 2016 wọ́n ṣe òmíràn ní Havana, ní Cuba, níbi tí ìjọba ti fojú burúkú wo orin rọ́ọ̀kì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ló dé tí wọ́n yọ "Brown Sugar" kúrò nínú eré wọn?

Orin náà, tó jáde ní 1971, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi ẹrú àti ọjà ẹrú ní New Orleans, ó sì sọ ohun tí olówó ẹrú ń ṣe sí àwọn obìnrin lóru. Wọ́n fi sílẹ̀ nínú eré ti 2021. Keith sọ pé ìkà oko ẹrú ni orin náà ń sọ, pé kò yé òun ìdí tí wọ́n fi ń bínú sí i.

Mo gbọ́ ohun tó wí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orin náà. Kò sunkún. Ó ń jó. A jẹ́ ọmọ etíkun tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn yẹn lọ, ara mi kì í sì í balẹ̀ tí mo bá ń jó sí i. Wọ́n ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe gbé e jẹ́ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹgbẹ́ náà fẹ́ tú ká?

Ìgbà tó sún mọ́ ọn jù ni àárín ọdún 1985 sí 1988. Mick gbé àwo tirẹ̀ nìkan jáde, ó sì kọ̀ láti bá wọn rìnrìn àjò eré lẹ́yìn àwo ẹgbẹ́ náà, Dirty Work (1986). Òun àti Keith ń bú ara wọn nínú ìwé ìròyìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1989 àwọn méjèèjì pàdé ní Barbados, wọ́n sọ gbogbo ohun tó wà nínú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin fún àwo Steel Wheels. Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré.

Ṣáájú ìyẹn, Toronto ni. Ní 1977 ọlọ́pàá mú Keith pẹ̀lú heroin, ẹ̀wọ̀n gbére sì lè ti ibẹ̀ jáde. Adájọ́ ò fi í sẹ́wọ̀n. Ó ní kó ṣeré fún àwọn afọ́jú, ó sì ṣe é ní 1979.

Ta ló ni àwọn orin wọn?

Ti àwọn ọdún 1960 kì í ṣe tiwọn. Allen Klein, tó jẹ́ máníjà wọn nígbà náà, mú wọn tọwọ́ bọ̀wé, ilé iṣẹ́ rẹ̀, ABKCO, sì ló di gbogbo rẹ̀ mú. Àwọn tó jáde láti Sticky Fingers lọ ló wà lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà yẹn, Mick, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọrọ̀ ajé, ò fi ojú rẹ̀ kúrò lára ìwé àdéhùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ "Bitter Sweet Symphony", orin ẹgbẹ́ The Verve (1997), wá láti ibẹ̀. Orúkọ àti owó orin yẹn bọ́ sọ́dọ̀ Jagger àti Richards nítorí ìró tó ti ọ̀kan nínú orin wọn wá. Ní 2019, àwọn méjèèjì dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà fún Richard Ashcroft tó kọ ọ́.

Lẹ́yìn ikú Charlie, ṣé Rolling Stones ṣì ni?

Charlie Watts kú ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2021, lẹ́ni ọdún 80. Òun fúnra rẹ̀ ló ti fọwọ́ sí i pé kí Steve Jordan gba ipò òun fún eré ọdún yẹn. Steve mọṣẹ́, ó sì lágbára. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbéra yẹn ti lọ, etí mi sì ń wá a nínú gbogbo orin.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé ẹgbẹ́ ti parí. Bill Wyman ti kúrò ní 1993, Darryl Jones tó ti bá Miles Davis ṣiṣẹ́ sì ń ta báàsì fún wọn láti àkókò àwo wọn Voodoo Lounge. Ní oṣù Kẹwàá 2023 ni Hackney Diamonds jáde, àwo orin tuntun tiwọn àkọ́kọ́ láti 2005. Orúkọ yẹn, ọ̀rọ̀ ìgboro ni fún dígí tó fọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí olè bá ti fọ́ fèrèsé. Hackney náà ni wọ́n ti kéde rẹ̀, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní London mọ̀ bí ẹni mowó. Ìlù Charlie wà nínú orin méjì níbẹ̀, Bill sì padà wá ta báàsì nínú ọ̀kan.

Ẹ gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn lórí àwo náà. Kò sí ìlù, kò sí báàsì. Keith ń ta gìtá, Mick ń fọn hàmóníkà, ó sì ń kọrin. Orin Muddy Waters ni, èyí tí wọ́n ti mú orúkọ wọn ní 1962, tí wọn ò sì gbà sórí àwo rí títí di ọjọ́ yẹn.